Òkúta Kalambaina àti iyùn ọrùn: ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó san owó

Èmi alábòójútó yín náà ni. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ lánàá gùn, ọ̀nà mẹ́ta ló wá, àwọn kan ní dátà àwọn ò gbé e, àwọn tó wà ní Gusau ní kò tiẹ̀ ṣí rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ síbí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ló ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má wulẹ̀ máa wá gírámà nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń gbé òkúta kiri ọjà ni. Ó ti dé ṣọ́ọ̀bù bíi mẹ́fà nínú tiwa. Á tú aṣọ, á gbé òkúta funfun kan jáde, á ní kí ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa. Lóòótọ́ lẹ máa rí nǹkan lára ẹ̀: ihò kéékèèké tó tò síra wọn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ihò kọ̀ọ̀kan bí ìgbà téèyàn gé ọsàn sí méjì, ó rí bí ìràwọ̀. Á ní iyùn nìyẹn. Á ní inú ilẹ̀ Kalambaina níbí ni wọ́n ti ń wà á jáde, pé àpò kan ₦100,000, pé ẹni tó bá gbé e dé Ìbìní á tà á ní ìlọ́po mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí òkúta náà, òkúta á hó ṣùkùṣùkù, á wá ní ẹ ò rí i báyìí, iyùn gidi ló ń hó bẹ́ẹ̀, rọ́bà kì í hó.

Títí di alẹ́ ọjọ́ Friday, èèyàn 11 ló ti pè mí pé ká yọ nínú owó àjọ oṣù yìí ká fi ra àpò 20. Owó àjọ ni o. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ Ìyá Elélùbọ́ wà nínú ẹ̀, owó tí Bàbá Sàídì fẹ́ fi kó ọjà ọdún wà nínú ẹ̀. Mo ní ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní yunifásítì níbí tó ń kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀. Òun ló jókòó tì mí, ó kó ìwé fún mi, mo sì ka èyí tí mo lè kà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọkùnrin yẹn ò parọ́ délẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti léwu gan-an nìyẹn. Ó mú òótọ́ bíi méjì, ó fi di irọ́ kan mọ́ wọn láàrín.

Òótọ́ àkọ́kọ́ ni pé òkun wà níbí rí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín. Ní Sókótó yìí kẹ̀, tí oòrùn oṣù kẹrin máa ń yan èèyàn bí àgbàdo? Níbí náà ni. Àwọn onímọ̀ sọ pé ní nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun gba ìhà Màlì àti Niger wọlé láti àríwá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀ yìí, kò jìn púpọ̀. Ìkarahun àti ilé àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi yẹn ló kó jọ léra wọn títí tó fi di òkúta funfun, èyí tí wọ́n ti ń fọ́ ṣe sìmẹ́ńtì ní Kalambaina láti ọdún 1967. Orúkọ àdúgbò yẹn gan-an ni wọ́n fi ń pe ìpele òkúta náà nínú ìwé. Ìpele tó wà lábẹ́ ẹ̀ ń jẹ́ Dange, èyí tó gun orí ẹ̀ ń jẹ́ Gamba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Dange kọjá tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Gusau, orí ilẹ̀ òkun lẹ ń wakọ̀ lé. Òkúta Ewékorò nílé lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ńtì náà, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ní ọjọ́ orí. Nítorí náà ẹni tó bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé nílé tàbí lẹ́yìn odi, inú ìkarahun òkun àtijọ́ ló ń sùn.

Òótọ́ kejì ni pé ìdílé iyùn ni ohun tó wà nínú òkúta yẹn. Nínú òkúta Kalambaina, wọ́n ti rí ìkarahun ìgbín òkun, ìkarahun olójú méjì tó máa ń pa dé, àwọn ẹ̀dá roboto ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n sì rí iyùn. Ìyẹn ò sí àríyànjiyàn. Alàgbà ní ìkún omi ìgbà Núà ló gbé wọn wá. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí Núà, ṣùgbọ́n iyùn kì í ṣí kiri. Ibi tó bá dúró sí náà ló ń dàgbà sí, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún.

Ẹ wá jẹ́ ká mọ ohun tó ń jẹ́ iyùn. Ẹran ni. Ẹran kékeré ni, ara ẹ̀ rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní, ibẹ̀ ló ń gbà jẹun, ibẹ̀ náà ló ń gbà da ìdọ̀tí jáde. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu yẹn ká tó fi ń mú oúnjẹ. Kò ní ẹsẹ̀. Ó ń fa ohun kan nínú omi òkun, ohun kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin, ó ń fi í mọ ilé sí abẹ́ ara ẹ̀. Tó bá kú, ara á jẹrà, ilé á ṣẹ́kù. Ìràwọ̀ tẹ́ ẹ rí lára òkúta, ògiri inú ilé ẹran yẹn ni. Yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹran kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá padà sórí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ mú èèpo ẹyin, ẹ jù ú sínú ọsàn wẹ́wẹ́, á hó. Ẹ mú owó ẹyọ, á hó. Ẹ lọ gbé òkúta Kalambaina tí kò ní iyùn kankan nínú, ẹ ha á díẹ̀, ẹ fún ọsàn sí i, á hó. Hó tó ń hó ò sọ ju pé ohun tó wà nínú èèpo ẹyin wà nínú ẹ̀. Èèyàn lè fi í yọ rọ́bà sọ́tọ̀. Kò lè fi yọ iyùn ọrùn sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta sìmẹ́ńtì. Ìyàwó mi ti dán ti ẹyin wò ní ilé ìdáná, ẹ̀yin náà lè dán an wò lónìí, ẹyin kan ò ju ohun tẹ́ ẹ mọ̀ lọ.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Iyùn ò jẹ́ ìran kan ṣoṣo. Ìran ti lọ, ìran ti dé.

Àwọn tó kọ́kọ́ gba òkun, ìdílé méjì ni. Àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀kan ní rugose, wọ́n ń pe èkejì ní tabulate. Ọ̀pọ̀ nínú rugose máa ń dá gbé. Ilé ẹ̀ rí bí ìwo ewúrẹ́, ẹnu ìwo kọjú sókè, ibẹ̀ ni ẹran jókòó sí. Tabulate ò mọ àdágbé, agbo ilé ni tiwọn. Àwọn kan jọ afárá oyin gẹ́lẹ́, yàrá fara ti yàrá bíi ti ilé tí àwa náà ń gbé níbí, tí ilẹ̀kùn kọjú síra wọn. Àwọn mìíràn tò bí ẹ̀wọ̀n. Ó lé ní 200 mílíọ̀nù ọdún tí ìdílé méjèèjì yìí fi wà nínú òkun. Ní Amẹ́ríkà, létí odò Ohio, nítòsí ìlú Louisville, ibì kan wà tó jẹ́ pé tí omi bá fà, orí iyùn wọn lèèyàn á máa fẹsẹ̀ rìn, ilẹ̀ òkun ìgbà náà gangan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, John Wells, ló ṣe ohun kan ní ọdún 1963 tí mi ò tíì gbàgbé láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Iyùn máa ń fi díẹ̀ kún ilé ẹ̀ lójoojúmọ́. Ibi tó fi kún lónìí á fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ lára ilé náà, bí ìgbà tí Ìyá Ìbàdàn bá fa ìlà sára ògiri fún gbogbo àpò ìrẹsì tó bá jáde. Bí ìgbà òtútù àti ìgbà ooru bá sì ṣe ń yí, ìlà tó tóbi jù á hàn fún ọdún. Wells gbé iyùn rugose tó ti tó 380 mílíọ̀nù ọdún, ó fi gíláàsì ńlá ka ìlà ọjọ́ tó wà láàrín ọdún kan sí èkejì. Kò bá 365. Ó bá bíi 400.

Ọdún tó ní 400 ọjọ́! Kì í ṣe pé ọdún yẹn gùn ju tiwa lọ o. Ọjọ́ ló kúrú. Ayé ń yára yí ju báyìí lọ, ọjọ́ kan ò ju bíi wákàtí 22. Òṣùpá ló fà á tó ń dẹ̀rọ̀: òṣùpá ń fa omi òkun, omi ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, wíwọ́ yẹn ń já agbára ayé kù díẹ̀díẹ̀, bí bíréèkì tí wọ́n rọra tẹ̀. Àwọn tó ń wo ojú ọ̀run ti ṣírò ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Iyùn tó kú sínú ẹrẹ̀ ló wá mú ìwé ìṣirò jáde. Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ká ní akápò wa kan rí láyé àtijọ́ kọ ìwé tó bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà ọdún 2019 kì bá ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má bínú, ẹni tó bá yé ti yé.

Ìdílé méjèèjì yẹn parẹ́ pátá ní nǹkan bíi 252 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkè oníná ń bẹ́ ní ìhà Siberia fún ìgbà pípẹ́, ayé gbóná, atẹ́gùn tí àwọn ohun inú omi ń mí dín kù nínú òkun. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ló lọ. Ó lé ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún lẹ́yìn ìyẹn tí kò fi sí iyùn kankan tó ń mọ ilé òkúta. Nígbà tí òmíràn máa fi dé, àwọn onímọ̀ gbà pé kì í ṣe ọmọ àwọn ti àkọ́kọ́, ìdílé ẹlẹ́ran rírọ̀ tí kò nílé tẹ́lẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Bẹ́ ẹ bá ka ògiri inú yàrá wọn, ẹ máa rí i pé ó yàtọ̀: ti rugose ń pín ní mẹ́rin mẹ́rin, ti àwọn tuntun yìí ń pín ní mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn tuntun yìí ló ṣì wà lónìí, tó kọ́ ògiri òkun ńlá ti Australia. Àwọn náà ló wà nínú òkúta Kalambaina.

Iyùn pupa tí a ń so mọ́rùn ńkọ́? Ìdílé ẹ̀ lọ́tọ̀ sí gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀. Ọwọ́ mẹ́jọ ló yí ẹnu ẹran tiẹ̀ ká. Ó ń yọ ẹ̀ka bí igi. Àwọn ẹran náà jókòó síta lára ẹ̀ka bí òdòdó, ohun pupa tí a ń lò wà nínú, ó le, ó dì, kò ní yàrá, kò ní ihò. Àwọ̀ pupa yẹn dé inú ẹ̀ lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gé e, gbẹ́ ẹ, kí wọ́n dá ihò sí i, kó ṣì máa dán. Bí ẹ bá ya iyùn gidi sí méjì, ẹ ò ní rí ìràwọ̀ kankan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí: ìràwọ̀ tí ọkùnrin yẹn fi ń polówó ọjà ẹ̀, òun gan-an ni ẹlẹ́rìí tó ta kò ó.

Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí èkejì fi pọ̀ débi tí wọ́n ń fọ́ ọ ṣe sìmẹ́ńtì? Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Púpọ̀ nínú iyùn onílé ìràwọ̀ tó ń gbé níbi tí òkun ò jìn máa ń gba ayálégbé. Inú ẹran ara onílé gan-an ni ayálégbé ń gbé, ohun ọ̀gbìn tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí. Ayálégbé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ bí ewé igi ṣe ń ṣe, ó ń bù fún onílé, ìyẹn ni owó ilé ẹ̀. Onílé ń dáàbò bò ó, ìdọ̀tí ara onílé sì ń ṣe ajílẹ̀ fún un. Oúnjẹ yìí ló ń jẹ́ kí irú iyùn bẹ́ẹ̀ lè kọ́lé kọ́lé títí á fi di erékùṣù téèyàn ń gbé lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn ní òfin. Omi gbọ́dọ̀ mọ́ kí oòrùn lè wọlé, ó gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì gbọ́dọ̀ gbóná jù. Bó bá gbóná jù, onílé á lé ayálégbé jáde, ara ẹ̀ á funfun báláú, bí ayálégbé ò bá tètè padà ebi á pa á kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà kéde pé irú fífunfun bẹ́ẹ̀ ti gba gbogbo àgbáyé kan, ó sì di ìgbà kẹrin tí irú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀.

Òfin yẹn náà ni wọ́n fi ń ka òkun àtijọ́. Iyùn roboto bí orí ọmọ sábà máa ń fara da ìgbì. Ẹlẹ́ka tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ omi tó dákẹ́. Èyí tó bá tẹ́ pẹlẹbẹ bí àwo, ó ṣeé ṣe kó jìn díẹ̀, tó fi ń tẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀. Amọ̀ wà nínú òkúta Kalambaina, òkun ibẹ̀ ò mọ́ gaara nígbà gbogbo. Àsìkò yẹn sì tún jẹ́ ìgbà tí iyùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò, torí ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ẹranko ńlá dinosaur run, ọ̀pọ̀ irú iyùn ló bá a lọ. Àwọn tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa níbí jẹ́ ọmọ àwọn tó yè é. Ẹ ò rí i pé àlejò ni àwọn náà, omi ló gbé wọn dé Sókótó wá ṣe ajé.

Iyùn pupa ò gba ayálégbé ní tiẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀ ló ń gbé, abẹ́ àpáta, inú ihò, ìsàlẹ̀ òkun Mẹditaréníà ní ìhà Ítálì, Àlgéríà àti Tùnísíà. Ohun tí omi bá gbé kọjá lára ẹ̀ ló ń jẹ. Nítorí náà, sísanra ẹ̀ fún odindi ọdún kan ò tó mílímítà kan. Ẹ ṣírò ọdún tó máa lò kó tó sanra tó ìlẹ̀kẹ̀ kan tó máa hàn lọ́rùn ìyàwó. Àwọn ará Ítálì ti ń gbẹ́ ẹ tipẹ́, ìlú Torre del Greco nítòsí Naples ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù. Ó ti lé ní 500 ọdún tí àwọn Potogí ti ń gbé e wá sí Ìbìní. Àwọn ará Ìbìní tí wọ́n ní ká lọ tà á fún yìí, àwọn ló ti ń wọ̀ ọ́ láti ìgbà yẹn. Ojú tí wọ́n fi ń wo iyùn kì í ṣe ojú tá a fi ń wo ìrẹsì. Ẹ fẹ́ lọ gbé òkúta sìmẹ́ńtì síwájú wọn?

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń purọ́ torí kó lè dá yín dúró: iyùn tó ti di òkúta ń tà níbòmíì. Ní Michigan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣa òkúta kan tó ń jẹ́ Petoskey, iyùn rugose ni, wọ́n ń dán an, wọ́n tiẹ̀ fi í ṣe òkúta ìpínlẹ̀ wọn ní ọdún 1965. Ní Florida, iyùn kan wà tí ohun tó le bíi gíláàsì ti rọ́pò ilé ẹ̀ nínú ilẹ̀, ó rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń tà á, kò sẹ́ni tó ń pè é ní iyùn ọrùn. Èyí tí ọkùnrin yẹn gbé wá, mo fi ìṣó gbẹ́ ẹ lójú ẹ̀, lúbúlúbú ló ń dà. Amọ̀ ló kún inú ihò ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa kùn ún ní àwọ̀ pupa, ọ̀nà jìbìtì nìyẹn, a ti mọ̀ ọ́n lọ́jà: wọ́n ti ń kun irú iyùn funfun mìíràn bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnì kankan ò bi í. Òfin ohun àlùmọ́nì ti ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ ò gbọdọ̀ wà á, kò gbọdọ̀ tà á. Àwa tá a jẹ́ àlejò nílùú onílùú, tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró tó bá àpò 20 òkúta lẹ́yìn ẹ̀, èdè wo la fẹ́ sọ? Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa la wà ní Sókótó báyìí, ṣòkòtò náà sì wà nídìí wa, owó tó wà nínú àpò ẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Owó àjọ ṣì wà lọ́wọ́ akápò, kóbọ̀ ò tíì jáde. Àwọn mẹ́rin tó ti san ₦20,000 àsansílẹ̀ fún ọkùnrin yẹn láti àpò ara wọn, ẹ kọ orúkọ yín sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Ó ní ọjọ́ Thursday lòun ń bọ̀. Èmi àti Alàgbà máa dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sàídì. A ò ní pariwo. Ohun kan la máa bi í: kó dá ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo jáde nínú òkúta ẹ̀ lójú wa, kó pupa, kó ní ihò, kó má fọ́. Tí kò bá lè ṣe é, kó dá ₦80,000 àwọn èèyàn padà.

Ẹni tí òkúta náà bá ti wà nílé ẹ̀, kó má sọ ọ́ nù. Kó mú un wá sí ìpàdé ọjọ́ Sunday, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń mú gíláàsì ńlá ẹ̀ bọ̀, ẹ mú àwọn ọmọ dání kí wọ́n wá wo ìràwọ̀ yẹn. Aago mẹ́rin ni o, mẹ́rin gangan, kì í ṣe mẹ́rin ti àwa Yorùbá.